Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Wárápá Ti Ń Ṣẹ́yọ Nínú Ọpọlọ Láì La Orí

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn tó bá mú aláàrẹ̀ wọn wá sí yàrá EEG, níbi tí a ti ń gba ìgbì iná ọpọlọ sílẹ̀, lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé, "Kí ló kọ́kọ́ ṣe?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn á dáhùn pé, "Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Nígbà tí gbogbo ara bá ti ń gbọ̀n, iná inú ọpọlọ tó fà á ti ran gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn mọ ibi tó ti ṣẹ́yọ. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó ṣáájú ìṣubú yẹn la ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbélé lẹ máa ń rí i. Èmi kì í sí níbẹ̀, ẹ̀rọ mi kì í sì í sábà sí níbẹ̀.

Èmi ni mo máa ń so wáyà mọ́ orí, tí mo sì máa ń jókòó ti ẹ̀rọ títí a ó fi gba ìgbì ọpọlọ tán. Dókítà ọpọlọ ló máa ka àbájáde rẹ̀. Àmọ́ ará ilé aláàrẹ̀ ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí wọ́n tó jáde nílé. Ìdajì yẹn ni mo fẹ́ fi hàn yín, kí n sì ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe nínú yàrá, kí ẹ̀rù má baà bà yín.

Ẹ má rò pé nítorí iṣẹ́ abẹ nìkan la ṣe ń wá ojú ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Wárápá pé oríṣiríṣi. Òmíràn máa ń ti ojú kan nínú ọpọlọ bẹ̀rẹ̀, òmíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn carbamazepine, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Tegretol, dára fún ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí àwọn kan nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì burú sí i, pàápàá èyí tí ọmọdé fi ń dákẹ́ lójijì, tí ojú rẹ̀ á ranjú síbì kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí á sì tún máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kò bá oríṣi tirẹ̀ mu lè gbé e mì títí ọdún á fi yí po, kí ará ilé sì máa sọ pé àwọn ọ̀tá ni.

Àìsàn yìí kò sì jìnnà sí wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ará Ìgbò-Ọrà wò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1987 ni pé ènìyàn 5.3 nínú 1,000 ló ní wárápá. Ẹ fi ojú yẹn wo ilé-ìwé tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 1,000, ọmọ bíi márùn-ún ni.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe

Ìbẹ̀rù ló ń ba ẹ̀rí yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn wa gbà pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé máa ń ranni, nítorí náà bó bá ti bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á sá. Kò ranni rárá. Àwọn tí kò sá, ṣíbí tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni wọ́n ń wá kiri, tàbí iná tí wọ́n fẹ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Mo ti so wáyà mọ́ orí ọmọ tí àpá iná kò jẹ́ kí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nà mọ́. Iná yẹn kò dá wárápá kankan dúró rí.

Ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ọjà Aràdà mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ó sì mú àbúrò ọmọ náà dání nítorí pé kò rí ẹni fi í tì.

"Màmá, ẹ kú ìrójú o. Kí ló kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Ó kàn máa ń ṣubú ni, Àǹtí."

"Kó tó ṣubú ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ o. Bí wọ́n bá ti figbe ta ni mo máa ń sáré dé."

Ọmọbìnrin kékeré yẹn ló dá sí i. "Bùọ̀dá á kọ́kọ́ ní nǹkan kan ń gòkè láti inú àwọn bọ̀ lọ́fun. Wọn ò ní dáhùn mọ́. Wọ́n á wá máa jẹnu, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan lẹ́nu wọn, wọ́n á máa fi ọwọ́ ọ̀tún fa bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Ọwọ́ òsì á wá le, á lọ́ sẹ́yìn."

Mo ní kó tún un sọ, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ohun tó ń gòkè láti inú wá sọ́fun, ẹnu jíjẹ, aṣọ fífà, apá ọpọlọ tó wà lẹ́bàá etí ló sábà máa ń mú wọn wá. Ọwọ́ tó le tó sì lọ́ sábà máa ń wà ní òdìkejì ibi tí wárápá ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń fa aṣọ sì máa ń wà lápá ibi náà gan-an. Kí n tó mú wáyà kankan lọ́wọ́, mo ti mọ̀ pé ẹ̀bá etí ọ̀tún ni kí n ṣọ́. Bí ọmọ yẹn kò bá sọ̀rọ̀, "ó kàn ṣubú" ni dókítà ì bá rí kà.

Nítorí náà, ẹ bi àwọn ọmọ inú ilé, ẹ bi ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, ẹ bi ọ̀gá tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ bi aláàrẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ohun tó mọ̀ lára kó tó sọ ara nù, òun nìkan ló lè sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, tó fi wá gba apá lọ dé ojú, ibi tó ń darí ìgbésẹ̀ ara ni, ní òdìkejì ọpọlọ. John Hughlings Jackson ló tọpa irú èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà Ayaba Victoria, kí ẹ̀rọ EEG kankan tó wà. Bó bá ń rí iná aláràbarà tí ẹlòmíràn kò rí, ẹ̀yìn ọpọlọ ni ẹ fọkàn sí. Bó bá jẹ́ ojú oorun nìkan ló ti ń wá, tó ń ta ẹsẹ̀ tó ń ju apá, tó sì tètè parí, iwájú ni. Àmì ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe ẹ̀rí tó parí ẹjọ́, nítorí iná tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan lè dákẹ́ títí yóò fi dé ibòmíràn kó tó fara hàn.

Ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó bá ti dáwọ́ dúró. Ẹ wo apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò lè gbé dáadáa, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí wákàtí, òdìkejì rẹ̀ ló sì ń tọ́ka sí. Ẹ wo ọwọ́ tó fi nu imú: apá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ náà sábà máa ń wà. Bí ojú rẹ̀ bá ti dá, tó ń wò yín, tó mọ̀ yín, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò tíì yọ lẹ́nu rẹ̀, apá òsì ni ẹ rò, nítorí ibẹ̀ ni èdè wà lọ́pọlọ púpọ̀ jù lọ nínú wa.

Fóònù yín lè gba gbogbo èyí sílẹ̀, ìtọ́jú ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi aṣọ tẹ́ orí rẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ má ki nǹkan kan bọ ẹnu rẹ̀, ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ kó tó jí, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá pé méjì, kí ẹnì kan tọ́jú rẹ̀, kí ẹnì kejì ya á. Ẹ ṣí aṣọ ìbora kúrò, ẹ tan iná, ẹ jẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ wọ inú àwòrán, kì í ṣe ojú nìkan. Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan fún un, "àgbàdo" fún àpẹẹrẹ, kí ẹ wá bi í lẹ́yìn náà bóyá ó rántí. Ẹ má pa fóònù náà títí yóò fi sọ̀rọ̀ padà. Ọ̀dọ̀ dókítà ni fídíò náà ń lọ, kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp ẹbí.

Irun

Irun wa nípọn, ó sì ká. Wáyà tí kò bá kan awọ orí, irọ́ ni yóò máa gbé wá fún wa. Àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ro irun tiwa mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún obìnrin níbòmíràn pé kó lọ fá orí. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Obìnrin tí wárápá ti dójú tì ní gbangba ọjà, wọ́n tún fẹ́ kó gbé orí fífá wọ àdúgbò. Kò pọn dandan.

Onídìrí ni ìyá tó bí mi, ní Tákìé, ọwọ́ mi sì ti mọ ìlarun kó tó mọ wáyà. Ètò tí a fi ń pín orí, tí Herbert Jasper gbé jáde lọ́dún 1958, tí gbogbo ayé sì ń lò, ìlà tó ti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kòlẹ́sẹ̀ náà, iwájú ló ti ń lọ sí ìpàkọ́. Nítorí náà kòlẹ́sẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n dì wá. Ẹ má di ṣùkú, torí ó ń kó gbogbo irun jọ sí àárín orí, níbi tí a fẹ́ fi wáyà sí gan-an.

Ẹ sọ fún onídìrí yín kó la ojú márùn-ún. Kí ọ̀kan gba àárín orí gan-an. Kí ọ̀kan gba òkè etí lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta sókè etí. Kí méjì tó kù gba agbedeméjì àwọn wọ̀nyẹn. Kí ojú ìlà náà fẹ̀ dáadáa tí awọ orí á fi hàn, kó má dì í le jù, kó má sì fi atáṣímẹ́ǹtì kankan sí i. Kó tó dì í, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ irun náà mọ́, kó gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má fi òróró, òrí tàbí àdí àgbọn pa á. Lọ́dún 2020, Arnelle Etienne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ jáde tó fi hàn pé irun tí a dì tẹ̀ lé ètò Jasper, pẹ̀lú ojú wáyà tí irun dídì náà lè dì mú, ń jẹ́ kí wáyà kan awọ orí dáadáa. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́. Ọgbọ́n tó ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nìyẹn, ẹnì kan wá gbé e wọ yàrá ìwádìí.

Ní ti oorun: a fẹ́ kí aláàrẹ̀ lè sùn lórí ẹ̀rọ, torí ojú oorun ni ọpọlọ ti sábà máa ń tú àṣírí. Bí dókítà bá ní kó dín oorun kù lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó pẹ́ sùn, kí ẹ sì tètè jí i. Kó má jẹ obì, kó má mu kọfí. Kó jẹun dáadáa kó tó wá. Ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí àyẹ̀wò láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó léwu. Ẹ má sì jẹ́ kó dá gun ọ̀kadà padà sílé.

Nínú yàrá

Ẹ̀rọ EEG kì í fi iná sínú orí ẹnikẹ́ni. Etí ló dẹ. Hans Berger, dókítà kan ní ìlú Jena ní Jámánì, ló kọ́kọ́ gba ìgbì ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ látorí awọ orí lọ́dún 1924, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1929. Ohun tí a ṣì ń ṣe náà nìyẹn.

Téèpù aránṣọ ni mo fi ń wọn orí, láti ìdí imú, níbi tó ti pàdé iwájú orí, dé kókó egungun ìpàkọ́. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36. Màá fi 3.6 gòkè láti ìdí imú, màá sàmì sí i, lẹ́yìn náà màá fi 7.2 lọ ní ìgbà mẹ́rin, 3.6 tó kù ló máa parí sí kókó náà. Màá tún wọn ọ́n láti etí kan dé èkejì, àti yíká orí. Ojú wáyà 21 ni ètò náà ní, pẹ̀lú ti etí méjèèjì. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tó wà: F fún iwájú (Fp ni ti iwájú pátápátá), T fún ẹ̀bá etí, C fún àárín, P fún ẹ̀yìn àárín, O fún ìpàkọ́. Nọ́ńbà 1, 3, 5, 7 wà lósì, 2, 4, 6, 8 wà lọ́tùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá ń fi ìpara oníyanrìn ha awọ orí díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Ìdènà iná lójú wáyà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí abẹ́ 5 kilohm, kó sì sún mọ́ra káàkiri orí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan á ga ju èkejì lọ lásán, a ó sì máa rò pé ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Ìgbì ọpọlọ kò ju microvolt 10 sí 100 lọ, microvolt kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù volt. Iná tó ń wọ ilé wa jẹ́ 230 volt, ó sì ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí tí mo fi ń ní kí ẹ pa fóònù nìyẹn, tí mo fi ń yọ ṣájà kúrò lára ògiri, tí mo sì fẹ́ràn kí ẹ̀rọ máa lo bátìrì ju kí jẹnẹrétọ̀ máa kùn lábẹ́ fèrèsé.

Màá ní kó pajú dé, kó lajú, kó mí sínú sóde kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 3, lẹ́yìn náà màá tan iná tó ń ṣẹ́jú sí i lójú. Bó bá jẹ́ SS, tàbí tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ sọ ọ́ fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí a ò ní jẹ́ kó ṣe mímí kíkankíkan yẹn. Lẹ́yìn náà, kó máa sùn.

Bí a ṣe ń ka ìlà

Ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń sáré lórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ojú wáyà méjì tó tẹ̀ léra. Láti iwájú lọ́tùn-ún, Fp2 àti F8, F8 àti T4, T4 àti T6, T6 àti O2. Nígbà tí ọmọ ìyá oní-gààrí yẹn sùn, ṣóńṣó kan yọ. Lórí ìlà F8–T4, ṣóńṣó náà kọjú sísàlẹ̀. Lórí ìlà T4–T6 tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó kọjú sókè. Àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, T4 ni wọ́n sì jọ ní. Ìyẹn ni pé ní ẹ̀bá T4 ni iná náà ti le jù. Ẹ̀bá etí ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin kékeré ṣe sọ. Ìgbì tó wà níbẹ̀ sì lọ́ra ju ti apá òsì lọ, èyí tún jẹ́ ẹ̀rí míì.

Kí á má wá yára o. Lẹ́yìn èyí a máa ń tún ìlà náà tò lọ́nà míì, kí ojú wáyà gbogbo máa bá ibì kan ṣoṣo fiwé, ká wo èyí tó ga jù. Ìṣẹ́jú ojú lásán, eyín tó ń lọ ara wọn, òógùn, gbogbo wọn lè bí ṣóńṣó. Bí ṣóńṣó náà bá sì jẹ́ tòótọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wárápá kan sí òmíràn ni, kì í ṣe wárápá gan-an. Ibi tó ti ń yọ lè fẹ̀ ju ibi tí wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ, tàbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni kí wárápá wá nígbà tí wáyà wà lórí, tí kámẹ́rà sì ń yà á, ká lè wo ìgbì tó kọ́kọ́ yí padà kó tó di pé iṣan ara bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn lè gba kí ènìyàn sùn sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan.

Egungun orí ń tan iná náà ká kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iná gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ọpọlọ tó fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6 sí 10 kó tó hàn látita, èyí tó bá sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lè má hàn rárá. Ìdí nìyẹn tí àjọ àwọn onímọ̀ iná ọpọlọ lágbàáyé fi gbà wá nímọ̀ràn lọ́dún 2017 pé kí á fi ojú wáyà mẹ́fà kún un nísàlẹ̀ ẹ̀bá etí. Ìdí náà nìyẹn tí EEG àkọ́kọ́ fi ń rí ṣóńṣó lára nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn tó ní wárápá. Bí tiyín bá mọ́, kò túmọ̀ sí pé wárápá kò sí, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti lọ. Ẹ má torí ẹ̀ jù oògùn nù. Ẹ béèrè bóyá kí a tún un ṣe pẹ̀lú oorun.

Lẹ́yìn EEG

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú orí, ló máa ń fi àpá inú ọpọlọ hàn. Kọ̀ǹpútà náà lè gba ohun tí ojú wáyà 128 tàbí 256 gbọ́, kó fi àwòrán MRI aláàrẹ̀ ṣírò ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n Hermann von Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Jámánì, ti fi hàn láti ọdún 1853 pé orísun tó yàtọ̀ síra lè gbé ohun kan náà jáde lójú awọ orí, nítorí náà ìṣirò nìkan kò tó. MEG ń gbọ́ agbára mágínẹ́ẹ̀tì ọpọlọ, tí egungun kì í dà rú; David Cohen ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1968. Ohun olówó gọbọi ni, kò sì yẹ kó dá ẹnikẹ́ni dúró láti ṣe èyí tó wà nítòsí.

Bí oògùn méjì tó bá oríṣi wárápá náà mu, tí a lò dáadáa, kò bá ká a, ẹ bi dókítà yín nípa iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró de ogún ọdún. Ní Kánádà, wọ́n pín ènìyàn 80 tí wárápá wọn ń ti ẹ̀bá etí wá sọ́nà méjì. Nígbà tí ọdún kan fi pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e jáde lọ́dún 2001, ìdá 58 nínú 100 àwọn tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ abẹ ló bọ́ lọ́wọ́ wárápá tó ń pa iyè dà, nígbà tó jẹ́ ìdá 8 péré lára àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn. Ẹnu ohun tí ojú rí nílé, EEG àti MRI gbọ́dọ̀ kò kí oníṣẹ́ abẹ tó gbé ọ̀bẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ má gba ìwé àbájáde nìkan. Ẹ mú flash dání, ẹ ní kí a da gbogbo ìgbì náà sí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwé yóò sọ ohun tí ẹnì kan rò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà míì ní UCH Ìbàdàn tàbí níbikíbi, ìgbì yẹn ni yóò fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wò. Ẹ fi fídíò fóònù yín sínú flash kan náà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti àsìkò rẹ̀ sí i, àti orúkọ oògùn tó ń lò nígbà náà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀.